Ta Ló Pa Bàbá Kékeré? Ìtàn Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àti Ọkàn Ọmọ Ènìyàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé wa ni mo tó rí i pé òwe kan ṣoṣo lè da ìdílé rú. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn ohun kan tó ń bá ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa rìn, tí ojú lásán kò lè rí, tó sì gba àwọn onímọ̀ ní ohun tó ju igba ọdún lọ kí wọ́n tó mọ ibi tó dára sí àti ibi tó burú sí. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni orúkọ rẹ̀. Àmọ́ n kò lè sọ ìtàn rẹ̀ kí n fo ti Bàbá Kékeré.

Bàbá Kékeré ni àbúrò tó tẹ̀lé bàbá mi. Télọ̀ ni wọ́n, ní Ìbàdàn. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í mu ọtí, wọn kì í fa sìgá, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì máa ń fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn láràárọ̀. Ọmọ ọdún 48 ni wọ́n nígbà tí wọ́n jí ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí wọ́n sọ pé, “Àyà ń fún mi. Apá òsì ń ro mí.” Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Kí á tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ti dákẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n ti yà ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Alágbo, wọ́n sì mu ife àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kan. Ó tán. Kí ilẹ̀ sàréè tó gbẹ, ẹjọ́ ti parí. Àwọn kan rántí pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àwọn mìíràn ní ẹyẹ kan ké lórí òrùlé. Kò sí ẹni tó bèèrè pé ènìyàn mélòó ló mu nínú ìkòkò àgbo kan náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn tí inú wọn kò run. Láti ìgbà náà, a kò pe Ìyá Alágbo sí ìpàdé ẹbí mọ́. Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, wọ́n fi owó àti ọṣẹ ránṣẹ́. A dá a padà. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba ohunkóhun gbọ́ láìsí ẹ̀rí. Síbẹ̀, ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí n má baà kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ní ọdún keje, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Dókítà obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló wo èsì náà, ó sì tún un wò. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mi lápapọ̀ jẹ́ 318, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 200. “Ẹ̀yin kẹ̀, sà? Pẹ̀lú bí ẹ ṣe tín-ín-rín yìí?” Ó bi mí bóyá mo fẹ́ràn ẹran ọlọ́ràá. Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ǹjẹ́ ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tó kú lójijì, tí kò tíì dàgbà?” Ọ̀fun mi gbẹ. Ìbéèrè yẹn ló rán mi lọ sínú ìwé.

Inú òróǹro ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ní nǹkan bí ọdún 1769, dókítà ará Faransé kan, François Poulletier de la Salle, rí ohun funfun kan tó dà bí ìda nínú òkúta tó máa ń dì sínú òróǹro ènìyàn. Ní nǹkan bí 1815, ará Faransé mìíràn, Michel Eugène Chevreul, sọ ọ́ lórúkọ láti inú èdè Gíríìkì: apá kan orúkọ náà jẹ́ òróǹro, apá kejì jẹ́ ohun líle. Kò sí ẹ̀sùn kankan nínú orúkọ yìí. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ara kò lè wà láìsí i. Ó wà lára awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì wa kọ̀ọ̀kan. Òun ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe omi òróǹro tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Òun náà ni ara fi ń ṣe àwọn èròjà tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, tó ń mú obìnrin jẹ́ obìnrin. Ara wa fúnra rẹ̀, pàápàá ẹ̀dọ̀, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹnu kan ẹran rí láyé rẹ̀ ní in lára.

Ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i. Ní 1910, Adolf Windaus ní Jámánì yẹ òpójẹ̀ àwọn òkú wò, ìyẹn àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ó rí i pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó wà nínú òpójẹ̀ tó ti dí pọ̀ fíìfíì ju ti èyí tó mọ́ lọ. Ní 1913, ní ìlú St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣègùn kan, Nikolai Anitschkow, àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Semen Chalatov, po kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mọ́ òróró, wọ́n sì fi bọ́ ehoro. Nígbà tí wọ́n la àwọn ehoro náà, òpójẹ̀ wọn ti kún fún ọ̀rá bíi ti àgbàlagbà tó ní àrùn ọkàn.

Ẹ óò rò pé ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti parí. Rárá o. Àwọn mìíràn gbìyànjú ohun kan náà pẹ̀lú eku àti ajá, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n ní ewéko ni ehoro ń jẹ, kì í jẹ ẹran. Kí ló kan ehoro kan ènìyàn? Ó pẹ́ kó tó hàn pé ara eku àti ti ajá máa ń tètè palẹ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mọ́ ju ti ehoro lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ Anitschkow wà nílẹ̀, ẹni tó kà á sí kò pọ̀. Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo dá ìwé náà dé. Àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀rí lọ́wọ́, síbẹ̀ wọn kò yára dájọ́. Kí ni ẹ̀rí tiwa? Ife àgbo kan àti ẹyẹ kan.

Ikú ọba ló sábà máa ń la ojú ìlú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1945, Ààrẹ Franklin Roosevelt ti Amẹ́ríkà kú lójijì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru fún ọdún púpọ̀, àmọ́ àwọn dókítà ìgbà yẹn kò ní ohun tó pọ̀ tí wọ́n lè ṣe sí i. Àrùn ọkàn ti di olórí ohun tó ń pa àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní 1948, ìjọba ibẹ̀ fi owó sílẹ̀ fún ìwádìí, wọ́n sì mú ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n kó ọkùnrin àti obìnrin 5,209 jọ, àwọn tí ọkàn wọn ṣì dá. Wọn kò fún wọn lóògùn. Ṣe ni wọ́n kàn ń yẹ̀ wọ́n wò ní ọdún méjì-méjì, tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń dúró kí wọ́n rí ẹni tí àrùn yóò kọ lù. Nígbà tó di 1961, ìwé wọn ti ní ohun tó dájú láti sọ: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru àti ẹni tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ ga ni àrùn ọkàn ń mú jù. Wọ́n fi sìgá náà kún un. Títí di òní olónìí ni wọ́n ṣì ń tẹ̀lé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ènìyàn náà.

Ohun kan tún ṣókùnkùn. Ọ̀rá àti omi kì í pò. Báwo ni ọ̀rá ṣe wá ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn? Ní Yunifásítì California ní Berkeley, láàárín 1940 sí 1960, John Gofman fi ẹ̀rọ kan tó ń yí bírí-bírí pín ẹ̀jẹ̀ sí ìsọ̀rí, ó sì rí i pé alárù ló ń ru ọ̀rá náà kiri. Ẹni tó bá ti ná ọjà Bódìjà rí yóò tètè lóye rẹ̀. LDL ni alárù tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lọ sí gbogbo ara. Bí alárù yìí bá pọ̀ jù, tí kò sí ẹni tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, ojú ọ̀nà ni wọn yóò máa sọ ẹrù sí. Ẹrù yìí á lẹ̀ mọ́ ara òpójẹ̀, á máa wú díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, láìro ẹni. Ní ọjọ́ kan, ojú ibẹ̀ á bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á sì dí pátápátá. Bó bá jẹ́ òpójẹ̀ ọkàn, àyà á fún ènìyàn. Bó bá jẹ́ ti ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn. HDL ní tirẹ̀ ni alárù tó ń ṣa ẹrù tó ṣẹ́kù jọ padà sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń pe ọ̀kan ní búburú, tí wọ́n ń pe èkejì ní rere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé.

Ibi tí mo ti bá Bàbá Kékeré pàdé nínú ìwé ni ìtàn Michael Brown àti Joseph Goldstein. Ní ìlú Dallas, ní nǹkan bí 1973, àwọn dókítà méjì yìí ń wá ìdí tí àwọn ọmọdé kan tí kò tíì pé ogún ọdún fi ń ní àrùn ọkàn àgbàlagbà. Wọ́n rí i pé lójú ara sẹ́ẹ̀lì, pàápàá ti ẹ̀dọ̀, àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí LDL máa ń gbà wọlé. Àwọn ọmọ yìí kò ní ilẹ̀kùn náà rárá, tàbí kó má ṣiṣẹ́. Ẹni tó jogún àbùkù yìí láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ó burú fún jù. Ẹni tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ní ìdajì ilẹ̀kùn. Kò ní mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun, ó lè tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè máa rìn láràárọ̀, síbẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ dúró kó tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ìṣirò òde òní ní nǹkan bí ẹnì kan nínú 250 ló wà ní ipò yìí. Brown àti Goldstein gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985.

Oògùn náà tún wá láti ibi tí a kò fojú sí. Akira Endo, ọmọ àgbẹ̀ ní Japan, ronú pé nínú irú ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu, a lè rí èyí tó lè dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti máa ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jù. Ó yẹ nǹkan bí 6,000 irú wọn wò kó tó rí èyí tó ń wá, ní 1973. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní statin ti jáde. Àkọ́kọ́ wọn gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1987. Síbẹ̀ àwọn oníyèméjì kò tíì tán, títí di 1994, nígbà tí ìwádìí kan ní àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia lórí aláìsàn ọkàn 4,444 fi hàn pé ikú dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀.

Má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi pé àwọn onímọ̀ kò ṣi ẹjọ́ dá rí. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan ẹyin adìẹ. Ní 1968, ẹgbẹ́ àwọn elétò ọkàn ní Amẹ́ríkà ní kí ènìyàn má jẹ ju pupa ẹyin mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ó hàn pé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó wà nínú oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé ti inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ọ̀rá tó máa ń dì, bí ọ̀rá ẹran àti bọ́tà, ló ń ṣe iṣẹ́ ibi náà jù. Ìlànà oúnjẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún 2015 sí 2020 yọ òṣùwọ̀n àtijọ́ náà kúrò. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí epo tó ti ara igi wá kì í ṣeé ní in. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú tó ń dì yẹn. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá, kì í sì í ṣe ohun tí à ń bù bí omi. Ẹni tó bá rí ìgò òróró tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé òun ti rí ìyanu.

Ìtàn yìí kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Láti 1992, àwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn ti Yunifásítì Indiana. Wọ́n ń tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn nílùú Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 sọ nípa ará Ìbàdàn 2,459 àti ará Indianapolis 2,147. Lọ́dọọdún, àrùn ìgbàgbé tuntun mú ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tiwa, ó mú ìdá 3.24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ọ̀hún. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù àwọn àgbà Ìdíkàn sì kéré sí ti àwọn ará Indianapolis. Àwọn olùṣèwádìí náà kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì tààrà. Wọ́n ní ó yẹ kí a wo ìgbé ayé àti oúnjẹ. Àmọ́ ẹ wò ó: àwọn tó ń jẹ àmàlà, ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ga. Àwa ọmọ wọn tí a wá ń jókòó sínú ọkọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tí à ń jẹ ohun dídín lójoojúmọ́, ogún yẹn kọ́ ni à ń jẹ.

Ní Dallas náà, Helen Hobbs àti Jonathan Cohen rí ohun ìyanu kan lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà. Nínú 3,363 tí wọ́n ròyìn wọn ní 2006, ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún jogún àyípadà kan tó mú kí ilẹ̀kùn LDL wọn pọ̀ sí i. LDL wọn fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù, ewu àrùn ọkàn wọn sì fi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ọdún 15. Ìmọ̀ yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe oògùn abẹ́rẹ́ tó gba àṣẹ ní 2015. Bí ènìyàn ṣe lè jogún ikú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lè jogún ìyè.

Dókítà mi ní òun fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìbátan bàbá mi wò. Nínú àwọn ọmọ ìyá bàbá mi, ẹni kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù láyé pẹ̀lú wọn: Ìyá Alágbo.

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ìsọ̀ wọn. Ìgò ni wọ́n ń fọ̀. Wọn kò dá mi dìde. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ mi lẹ wá ń fẹ́ báyìí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ àjẹ́ náà wúlò?” N kò ní èsì. Mo ṣáà wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó nu ọwọ́ wọn, tí wọ́n ní kí n dìde, kí n wá mọ́tò.

Tiwọn jẹ́ 291. Ti bàbá mi jẹ́ 305. Ti àkọ́bí Bàbá Kékeré, ọmọkùnrin ọdún 23, jẹ́ 287. Nígbà tí mo ka èsì náà fún Ìyá Alágbo, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá bèèrè pé, “Ṣé ohun tó pa á ni èmi náà ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí?”

N kò lè búra pé òun ló pa Bàbá Kékeré. A kò yẹ òkú wọn wò, ilẹ̀ sì ti bò ó. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ̀rí tó tọ́ka sí ọkàn wọn pọ̀ ju èyí tó tọ́ka sí ẹ̀gbọ́n wọn lọ. Mo tún lè sọ pé ọdún méje tí a fi ń ṣọ́ Ìyá Alágbo, ohun tó yẹ kí á máa ṣọ́ ń wú lọ nínú òpójẹ̀ ọmọ olóògbé. Ọmọ náà ti ń lo oògùn báyìí, àwa yòókù náà ń lò ó. LDL mi tó jẹ́ 236 ti wálẹ̀ sí 112, dókítà ṣì fẹ́ kó wálẹ̀ sí i.

Ní ìpàdé ẹbí, bàbá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn lójú gbogbo wa. Ìyá Alágbo ní, “Mo ti gbọ́. Àmọ́ ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje.” Wọ́n ń wá sí ìpàdé. Wọn kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Lápapọ̀, kó má ju 200 lọ. Ní àwọn ilé àyẹ̀wò tó ń lo òṣùwọ̀n kejì, nǹkan bí 5.2 ni. LDL, kó wà lábẹ́ 100 bó bá ṣeé ṣe; HDL, kó ju 40 lọ fún ọkùnrin, kó ju 50 lọ fún obìnrin. Ẹ má fi sísanra tàbí títẹ́ẹ́rẹ́ dájọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà túmọ̀ èsì fún yín, torí ọjọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá wà lára ohun tí yóò gbé yẹ̀wò. Bí ẹnì kan bá sì kú lójijì nínú ẹbí yín, kí ẹ tó bèèrè ẹni tó ṣe é, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ṣe é. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.